Bíréèkì tó ń rì: mẹkáníìkì kan ní Iléṣà, ọ̀kan ní Ifẹ̀

Corolla ọdún 2004 ni mò ń wà. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Atákúmọ̀sà ní Iléṣà, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi pọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan tí mo kọjá Òsú, mo rí ọlọ́pàá níwájú, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kàn ń lọ sísàlẹ̀ bí ẹni ń tẹ fùfú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pọ́mpù rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Ọlọ́pàá náà rò pé mo fẹ́ sá ni.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá, ní Iléṣà níbí, kò tilẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, pádì yín ló jẹ tán." Ó pààrọ̀ pádì iwájú, ó ní atẹ́gùn tún wà nínú páìpù, ó wá ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ máa tẹ pẹ́dàlì kanlẹ̀ kí òun máa tú nípù tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Ó gba ₦32,000. Bíréèkì le fún ọjọ́ méjì péré. Mo padà lọ, ó tún bílíìdì rẹ̀, ìyẹn ni pé ó tún yọ atẹ́gùn bẹ́ẹ̀, ó tún gba ₦3,000. Kò yí nǹkan kan padà.

Ti Ifẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ èyí. Ọmọkùnrin kan ni, lọ́nà Ẹdẹ, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Kò ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì o, ó kọ́kọ́ bi mí léèrè: "Mọ́mì, tí ẹ bá pọ́mpù rẹ̀, ṣé ó máa ń gbéra sókè? Tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ pa síbẹ̀ ńkọ́?" Ó ní kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n pọ́mpù títí tí yóò fi le, kí n wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kó tó ka ogún, pẹ́dàlì ti ń yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ó ní atẹ́gùn máa ń jẹ́ kó rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, ṣùgbọ́n yóò dúró síbì kan. Èyí tó ń rì láìdúró, bóyá ó ń jò síta ni, tàbí rọ́bà inú másítà, ìyẹn ohun tí pẹ́dàlì fi ń ti òróró lọ síbi bíréèkì táyà, kò dí mọ́. Ó yẹ ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n gbẹ. Òróró bíréèkì inú agolo kò sì dín. Ara rọ́bà ló ń gbà padà sínú agolo. Másítà ni.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tó sọ tẹ̀ lé e. Nínú másítà tó ti pẹ́, rọ́bà kì í sábà dé òpin ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń dípẹtà. Títẹ̀ kanlẹ̀ ló máa ń ti rọ́bà wọ ibẹ̀, táá sì ha á. Òun máa ń fi pákó kékeré sábẹ́ pẹ́dàlì kó tó bílíìdì. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí ₦3,000 mi jẹ́ owó ìbàjẹ́!

Tòkunbọ̀ la rà, ₦28,000, owó iṣẹ́ ₦7,000. Ó rọ òróró sínú másítà náà lórí tábìlì, ó yọ atẹ́gùn rẹ̀ kó tó dè é. Òróró bíréèkì DOT 3 ló lò, ojú mi ló ṣe ṣí i, torí èyí tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Tuntun rẹ̀ kì í hó títí di 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius ó kéré tán, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi, ó lè wálẹ̀ sí 140. Tó bá wá hó níbi tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lókè, pẹ́dàlì á rọ̀ gbẹ̀dẹ̀.

Kì í ṣe pé kò lábùkù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo débẹ̀, ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù kí n tó kúrò. Kò fún mi ní rìsíìtì. Òróró kán sára fẹ́ńdà mi, wọn ò tètè fi omi ṣàn án, ó sì ti bó ọ̀dà ibẹ̀. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún.

Oṣù mẹ́ta rèé, pẹ́dàlì ṣì le digbí. Mo padà sọ́dọ̀ ti Iléṣà, mo gbé àpótí jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀; ọmọ òṣómàáló kúkú ni mí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dá ₦10,000 padà. Pádì mi àtijọ́ ló wà ní búùtù báyìí. Wọn ò tíì jẹ dé ìdajì, mo sì máa tún wọn lò.