Bíríkìlà tó bá wa rẹ́ ògiri ìta n'Ìbàdàn: ìràwọ̀ 4 nínú 5

Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí síbí torí mo mọ bí ojú ṣe ń rí èèyàn tó bá ń wá bíríkìlà gidi. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́ ìta ilé wa lọ́dún tó kọjá, òjò ò tíì dá tí sìmẹ́ǹtì fi ń ṣí bọ́ lára líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré tó wà lórí wíńdò àti ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ bá kan ògiri báyìí ẹ máa gbọ́ kò-kò-kò bíi pé inú ẹ̀ ṣófo. Ó dùn mí gan-an, owó ọ̀hún kì í ṣe kékeré.

Ọ̀gá tó wá tún un ṣe ní February, yanrìn ló kọ́kọ́ bẹ̀ wò. Ó bù ú sínú ike, ó bu omi lé e, ó mì ín, ó gbé e sílẹ̀, ìgbà tó máa tòrò, ẹrẹ̀ ti jókòó sórí yanrìn, ó nípọn bí ìka ọwọ́ mi. Ó ní "Mọ́mì, amọ̀ pọ̀jù nínú èyí, kò lè di ògiri mú," àfi ká ra òmíì. Inú mi ò dùn lọ́jọ́ yẹn o, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Ó ní kí wọ́n wọ́n omi sára búlọ́ọ̀kù dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí búlọ́ọ̀kù tó bá gbẹ máa fa omi inú sìmẹ́ǹtì mu ni. Ibi líńtẹ̀lì àti òpó kọnkéré tó ń dán, ó fi ṣísù ṣá a káàkiri, ó wá po sìmẹ́ǹtì àti yanrìn kó ṣàn díẹ̀, ó ń fi tírówẹ̀lì jù ú mọ́ ọn, pá, pá, pá, ó fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì, ara ẹ̀ wá rí ṣákaṣàka bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Orí ìyẹn ló wá rẹ́ ìpele àkọ́kọ́ lé, sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 4, kò nípọn ju gígùn èékánná àtàǹpàkò lọ, kó tó le ó ti fi ìgbálẹ̀ fá a kí ìpele kejì lè rí nǹkan dì mú. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan fẹ́ bu omi sí èyí tó ti ń gan kó lè tún lò ó, ọ̀gá ní kó dà á nù lójú mi. Èmi fúnra mi ni mo ń fi họ́ọ̀sì wọ́n ọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7.

Ohun tí mo fi yọ ìràwọ̀ 1: wọn ò bo wíńdò, sìmẹ́ǹtì ta sí gbogbo gíláàsì, ìgbà tí wọ́n wá ń ha á kúrò, gíláàsì méjì ti là. Ẹ yáa fi náílọ́ọ̀nù bo tiyín kí wọ́n tó dé.

Lẹ́yìn òjò ńlá mẹ́ta, mo kan gbogbo ògiri láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, abẹ́ wíńdò kíṣìnì nìkan ló dún kò. Mo pè é, ọjọ́ kejì ló dé, ó gé ibẹ̀, ó tún un rẹ́, kò gba kọ́bọ̀.