Ilé Àdúrà Kan ní Iléṣà: Bí Mo Ṣe Rí I

Ilé àdúrà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà ní ẹ̀yìn ìlú Iléṣà, níbi tí ilé ti ń tán lọ díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́. Kì í ṣe ohun ìní ìjọ kan ṣoṣo. Àwọn onígbàgbọ́ láti inú ìjọ mélòó kan ni wọ́n pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ fi àwẹ̀ àti àdúrà wá ojú Ọlọ́run ni wọ́n ń gbà sílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Kátólíìkì tàbí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé mo ní àléébù tí mo fẹ́ tọ́ka sí, bí mo tilẹ̀ ní ìyìn púpọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó bá mọ Iléṣà dáadáa yóò béèrè dé ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti lọ sí orí òkè tàbí ilé àdúrà rí, a sì mọ ohun tí a sábà máa ń bá níbẹ̀: wòlíì tí yóò ríran sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àdúrà tí kò kọjá orí ọ̀tá ilé àti ọ̀tá òde, àti ìwàásù tí yóò mú kí àlejò rò pé ìjọ tí òun ti wá kò tó. Kò sí ìkankan nínú wọn níbi tí mo ń wí yìí. Ẹni tí ó bá ń wá ẹni tí yóò sọ ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ fún un kò ní rí i, inú mi sì dùn pé wọ́n máa ń sọ èyí fún ènìyàn lórí fóònù kí ó tó wọ mọ́tò. Ohun tí wọ́n ń fún àlejò ni ẹ̀kọ́ nípa ohun tí gbogbo Kristẹni jọ gbàgbọ́, àti ààyè láti gbàdúrà láàárín àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀. Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fẹnu kò lé lórí ní Níkéà ní ọdún 325, tí ìpàdé Kọnstantinópù ní ọdún 381 sì tún fẹ̀ sí i, ni wọ́n ń kọ́, gbólóhùn kan ní òwúrọ̀ kan. Olùkọ́ yóò ka gbólóhùn náà, yóò ṣí Bíbélì síbi tí ó ti wá, yóò sì ní kí àwọn tí ó jókòó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nínú ìjọ tiwọn. Ní ọjọ́ tí ó kan ọ̀rọ̀ nípa Jésù Kristi, ó ṣàlàyé ìjà tí ó bí gbólóhùn náà: pé Áríù, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdríà, ń kọ́ àwọn ènìyàn pé ìgbà kan ti wà rí tí Ọmọ kò sí, àti pé àwọn tí ó péjọ sí Níkéà kọ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ní Ọlọ́run tòótọ́ láti ara Ọlọ́run tòótọ́ ni Ọmọ, ẹni tí a bí, tí a kò dá. Ìyá kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi sọ pé òun kì í ka Ìjẹ́wọ́ yìí ní ìjọ òun, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí wọn kò tíì wàásù rẹ̀ fún òun láti ìgbà tí òun ti ṣe ìtẹ̀bọmi. Bàbá Kátólíìkì tí ó jókòó tì í dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Màámi, àwa máa ń kà á ní ọjọjọ́ Àìkú, àmọ́ ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé a jọ gbà á gbọ́ ni." Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń wàásù ìrẹ́pọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rí èyí tí ó tó ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà méjì yẹn.

Síbẹ̀, àdúrà ni iṣẹ́ ilé náà gan-an. Wọn kò gbìyànjú láti po ọ̀nà àdúrà gbogbo ìjọ pọ̀ di ohun tí kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni. Àsìkò kọ̀ọ̀kan ní ìjọ tí ó ń darí rẹ̀, àwọn yòókù a sì tẹ̀ lé e. Àwọn Áńgílíkà ló ni ìdájí: a óò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, a óò ka Sáàmù, a óò sì gba àdúrà tí a ti kọ sínú ìwé fún àwọn aláṣẹ ìlú, fún àwọn aláìsàn àti fún àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà. Ní ọ̀sán, wákàtí kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀, àwọn Kátólíìkì ló mú un wá. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ló ni ìrọ̀lẹ́, orin ló sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá di òru, àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi a gba ètò, àtẹ́wọ́ a bẹ̀rẹ̀, ìlù a dún, gbogbo ènìyàn a sì gbóhùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ẹni tí wọ́n fi ọ̀kan nínú ọ̀nà wọ̀nyí tọ́ dàgbà yóò kọ́kọ́ rí àwọn yòókù bí àjèjì. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀sán ni lára tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jókòó, mo sì rí ìyá àgbà kan tí ó fi ọwọ́ bo etí nígbà tí àdúrà òru gbóná. Àwọn méjèèjì tún wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní tèmi, àdúrà inú ìwé mú kí n rántí àwọn ènìyàn tí ọkàn mi ì bá má rántí láéláé, nítorí ẹni tí ó wà nínú ìṣòro a máa gbàdúrà yí ara rẹ̀ ká ni. Àdúrà òru tú ohun tí ó dì mọ́ mi láyà, nítorí inú ọ̀fọ̀ ni mo wà nígbà tí mo lọ, n kò sì tíì sunkún bí ó ti yẹ. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀rọ̀ wòlíì Àìsáyà ti wọ̀ mí lára, pé àwọn tí ó bá dúró de Olúwa yóò tún agbára wọn ṣe. Ẹrù tí mo gbé lọ kò tíì kúrò lórí mi nígbà tí mo ń padà bọ̀ wá sílé, ṣùgbọ́n okun láti gbé e ti dé.

Kò yà mí lẹ́nu pé Iléṣà ni irú ilé yìí wà. Ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle péjọ sí Òkè-Ooye ní ìlú yìí láti yanjú àríyànjiyàn tí ó wà láàárín wọn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Wọn kò pète ìsọjí kankan. Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà lára àwọn tí ó wá. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Òdò-Ọwá, inú ìjọ Áńgílíkà ló dàgbà sí, ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí náà ló sì ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní ọdún 1928, nítòsí Ìkejì-Arákejì. Ìpàdé náà kò tíì jìnnà tí ìròyìn ìwòsàn fi gba ìlú kan, tí èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì àti láti ọ̀nà jíjìn. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìjọ tí wọ́n ti wá. Mo máa ń ronú sí èyí púpọ̀: pé àríyànjiyàn ló kó wọn jọ, àdúrà ló sì gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé ìyapa tún wáyé lẹ́yìn náà. Àwọn aṣáájú Faith Tabernacle wọ̀nyí darapọ̀ mọ́ Apostolic Church ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1931, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti pínyà. Lára ohun tí ó dá a sílẹ̀ ni pé àwọn míṣọ́nnárì ń lo kuníníì sí ibà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa gbà pé àdúrà nìkan ni ó yẹ kí onígbàgbọ́ fi wá ìwòsàn. Nítorí náà ni mo ṣe fiyè sí ohun tí ilé àdúrà yìí ṣe lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ní ẹnu ọ̀nà pé kí ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn mú un dání kí ó sì máa lò ó, àti pé kí aláboyún, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru má ṣe gbààwẹ̀ láì kọ́kọ́ bi dókítà. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà kò fi àdúrà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ilé yìí fi ara mọ́ àdúrà Òkè-Ooye àti iṣẹ́ Wesley Guild pa pọ̀.

Àléébù tí ó dùn mí jù wà nínú ẹ̀kọ́ òwúrọ̀ kan náà tí mo yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí àwọn ìjọ ti yàtọ̀, olùkọ́ a yà kúrò níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan béèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ti wọ́n omi sí lórí ní ìkókó tún lọ ṣe ìtẹ̀bọmi nínú odò, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú. Wọ́n ní kí ó jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìbéèrè gidi ni, inú ilé rẹ̀ ló sì ti ń jó o lára. Àwọn Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Presbyterian ní Nàìjíríà fi ọ̀pọ̀ ọdún gbèrò láti di ìjọ kan, wọ́n ti fi ètò náà sí oṣù Kejìlá ọdún 1965, ó sì forí ṣánpọ́n nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́lé. Bí àwọn tí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò bá lè dé ibẹ̀, èmi kò rò pé àwa tí a ń sá fún ọ̀rọ̀ yóò dé ibẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí a jọ ní lágbára tó láti gba irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dúró, mo sì bẹ àwọn alákòóso pé kí wọ́n ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún un.

Èkejì ni pé kò sí àwọn aláṣọ funfun níbẹ̀, kì í ṣe Kérúbù àti Séráfù, kì í ṣe Sẹ̀lẹ́. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí ń darí ilé, ó sì sọ fún mi pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé àwọn ìjọ tí ó dá a sílẹ̀ kò tíì fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́yé. Síbẹ̀, nígbà tí Olúwa gbàdúrà nínú ìwé Jòhánù orí 17 pé kí gbogbo wọn kí ó lè jẹ́ ọ̀kan, kò yọ ẹnì kankan tí ó gbà á gbọ́ sílẹ̀. Láti ọdún 1925 tí Mósè Orímọládé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọbìnrin Abíọ́dún Akínṣọwọ́n ní Èkó ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́ òru. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti àdúrà, a ní ohun tí a lè kọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ibùsùn mọ́ tónítóní, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí gbogbo rẹ̀, omi ẹ̀rọ kò sì dá. Ooru mú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n tètè tún ṣe ni pé ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin jìnnà sí yàrá wọn, kò sì sí iná lójú ọ̀nà ibẹ̀ lóru. Kò dára kí ìyá àgbà máa táràrà nínú òkùnkùn nítorí pé ó wá gbàdúrà. Ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fi ń jẹ́ kí a ṣínu ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé tí ń dáná níbẹ̀ sì máa ń gún iyán fún àwọn tí àwẹ̀ wọn bá parí.

Wọn kì í gba owó àdúrà. Owó ibùsùn àti oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń gbà, kò wọ́n, ẹni tí kò bá sì ní í lọ́wọ́ lè sọ fún alákòóso níkọ̀kọ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gba orúkọ àlejò, a máa pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, wọ́n sì ti fún ènìyàn méjì ní ibùsùn kan náà lójú mi. Ẹ tún pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ibẹ̀ a máa kún gan-an ní ọ̀sẹ̀ àdúrà fún ìrẹ́pọ̀ àwọn Kristẹni, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1908, tí ọ̀pọ̀ ìjọ káàkiri ayé sì ń ṣe láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ nígbà náà ti fi orúkọ sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ẹ mú Bíbélì, ìwé orin ìjọ yín, aṣọ ìbora àti iná tọ́ọ̀ṣì dání.