Ìrìn Ìbẹ̀wò ní Erékùṣù Èkó: Atọ́nà Méjì, Owó Ìwọlé Ẹ̀ẹ̀mejì

Gbólóhùn kan tí atọ́nà wa sọ ní Ìta Tinúbú ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Iléeṣẹ́ kan tó ń mú àlejò káàkiri Erékùṣù Èkó ló fi ọkùnrin náà ṣe olórí wa. Ó ti kó wa jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta orílẹ̀-èdè wa lọ́rẹ nígbà òmìnira ọdún 1960, ó ti ya gbogbo wa ní fọ́tò, ó sì ti ń dà wá padà sínú bọ́ọ̀sì nígbà tí àbúrò bàbá mi, tí wọ́n dàgbà ní Pópó Àgùdà, bi í pé ìgbà wo ló máa mú wa dé Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní ìta náà. Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, àsìkò ń lọ."

Pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ gan-an ló yẹ kó mú un dúró. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun padà wálé, ló kọ́ ilé náà ní 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n fi katakata wó o lulẹ̀ lójú mọ́mọ́. Bí ẹni tó sanwó láti mọ Èkó kò bá gbọ́ ìtàn yìí ní Ìta Tinúbú, níbo ni yóò ti gbọ́ ọ?

Àbúrò bàbá mi kò bá a jà. Wọ́n kàn gbé ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ máa lọ, mo máa bá yín ní Oníkan." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí dírẹ́bà tanná sọ́kọ̀. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́. Mo sọ̀kalẹ̀, mo sì sọ fún un níwájú gbogbo èrò pé ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kì í fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọdébìnrin tó ń pín omi fún wa fi sọ̀kalẹ̀, tó kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, tó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo mọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Ó dúró lójú ibi tí ilé náà wà tẹ́lẹ̀, ó fi apá ya bí àwọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọrọdọ lórí, ó sì ń ṣàlàyé títí àwọn tó kù nínú bọ́ọ̀sì fi ń sọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ lọ, òun gan-an la ń tẹ̀ lé.

Ní Òpópónà Kákáwá, níwájú Water House, níbi tí àwọn Da Rocha ti ń ta omi fún ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó kárí ìlú, ó bẹ àbúrò bàbá mi pé kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀. Wọ́n tọ́ka sí fèrèsé ilé kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, wọ́n ní ìyá kan máa ń jókòó síbẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, kó máa bu fríjọ́n fún ọmọ àdúgbò, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tí a máa ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Ọmọ náà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu rárá. Nígbà tí a dé Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Òpópónà Martins, ó sọ fún wa pé Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló bójú tó kíkọ́ rẹ̀, àti pé níbi ayẹyẹ ìṣílé ní 1894 ni Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì ti fi oyè Bey dá Mohammed Shitta lọ́lá. Ẹni tó bá ní àyè ibì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni kó lọ, kó má sì lọ lọ́sàn-án Jímọ̀ nítorí èrò.

Ti Oníkan ló tún dà mí láàmú. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó sanwó, wọ́n kọ ọ́ kedere pé owó ìwọlé wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu géètì Mùsíọ̀mù, olórí wa ní owó bọ́ọ̀sì nìkan la san. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn án. Ó ní kí n pe ọ́fíìsì. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì san án ná, a máa dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú." Mo san án nítorí pé mo fẹ́ kí àbúrò bàbá mi rí ọkọ̀ tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. Ihò ìbọn ṣì wà lára rẹ̀ digbí.

Ẹ má ṣe rò pé olórí náà kò mọ iṣẹ́. Ní Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní 2010, ẹnu yà mí. Ó fi ojú àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n hàn wá, ó sọ ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ tí wọ́n tì mọ́bẹ̀, ó sì gbé wa dé orí pèpéle àwọn olórin, ó ní ojú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn tó ti rí i pé wọ́n mọ orúkọ wọ́dà kan tí òun kò mọ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn lọ, kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọmọdébìnrin náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó sì fi owó ìwọlé Oníkan sápò ọ̀tọ̀, nítorí tèmi kò tíì padà dé ọwọ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.