Ìlú onílùú ni wọ́n kọ́kọ́ fún bàbá Ìyá Àgbà mi

Ìyá Àgbà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì mọ ìlú bàbá rẹ̀. Àjàní ni bàbá náà ń jẹ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Zaria. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ìyá Àgbà wà nígbà tó kú, Núpé sì ni ìyá tó bí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi san ₦80,000 fún iléeṣẹ́ kan nílùú Àbújá tó ń bá èèyàn wá orírun nínú ìwé àtijọ́.

Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó fún mi ní èsì: Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kà á sétí Ìyá Àgbà lórí fóònù. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni bàbá mi."

Mo gba ọ́fíìsì wọn lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wọn ò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Madam, ìwé kì í parọ́." Mo ní kó fi ojú ìwé náà hàn mí. Ó ní ₦15,000 ni àwòrán rẹ̀. Inú mi ń hó, mo san án. Ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sábọ̀n Gàrí ni, ọdún 1931. Àjàní méjì ló wà lójú ewé kan ṣoṣo! Oríkì tí wọ́n ń sọ ọkùnrin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni Àjàní. Ẹni àkọ́kọ́ tójú ọ̀gá yìí bá ló mú. Òótọ́ ni pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ lókè Ọya láti ayé àtijọ́, àmọ́ ojú irin Èkó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá, àwọn ará ibẹ̀ náà sì wọkọ̀ lọ sókè Ọya.

Ibi tí mo ti ń pariwo ni ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti dìde. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n fi ń ki màmá?" Ó dùn mí pé n kò mọ̀ ọ́n; Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, n kò sì béèrè rí. A tún pe Ìyá Àgbà. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n: "Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí..." Ọmọbìnrin náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ọ̀fà ni, mà." Ó fi ìka tọ́ka sí Àjàní kejì. Akọ̀wé ti kọ ọ́ síbẹ̀: Offa. Orúkọ bàbá Àjàní wà níwájú rẹ̀, Núpé sì ni ìyàwó.

Ọmọ yìí fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta pe àwọn èèyàn l'Ọ̀fà fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Ó rí agboolé náà. Bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ sọ pé àwọn ṣì ń dárúkọ Àjàní tó wọ rélùwéè lọ sókè Ọya tí kò padà. Ìyá Àgbà sunkún ayọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ti ní ẹbí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọmọbìnrin yẹn ló ni méjèèjì. Ọ̀gá rẹ̀ kò tíì bẹ̀ mí, ₦15,000 mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.