Ṣakabùlà oníkápù fún ẹyẹ àti ẹran kéékèèké: bébà sìmẹ́ǹtì ló tú àṣírí rẹ̀

Ihò kan wà láàárín bébà sìmẹ́ǹtì náà, ó rí roboto bí ojú kọ́bọ̀. Ọta kọ́ ló lu ú. Páálí tí mo fi dé ẹ̀tù mọ́lẹ̀ nínú ìbọn ló gba ibẹ̀ kọjá. Awó tí mo fi èédú yà sórí bébà yẹn, ọta kan péré ló bà á, ní ìrù. Gbogbo ọta yòókù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yí awó ká bí ẹni pé ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ìṣísẹ̀ 25 ni mo dúró sí, mo tún gbé ìbọn lé ẹ̀ka igi. Ìbọn tuntun ni o, èyí tí ẹni tó ṣe é fi ahọ́n kan irin, tó fi Ògún búra pé àparò kan ò ní fò kọjá níwájú rẹ̀.

Ní kúkúrú, ẹnu ìbọn la ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sínú ṣakabùlà; òòlù á gbá kápù, ìyẹn ìdérí kékeré tó ń yọ iná, iná á sì gba ihò iná wọlé bá ẹ̀tù. Ẹlẹ́nu kan ni tèmi, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 18.5 mílímítà, ìyẹn ìwọ̀n 12 táwọn oníkátíríìjì mọ̀. Mo ti gba ìwé àṣẹ kí n tó san àsansílẹ̀, wàhálà ìyẹn ò sì tó ti alágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ 9 ni bàbá náà dá fún mi, ọ̀sẹ̀ 5 ló lò. Lónìí, èédú tán. Lọ́la, iná ò sí fún ẹni tó ń bá a lu ihò. Lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn ti lọ síbi òkú, ewúrẹ́ ló dá mi lóhùn.

Irin tó gùn tó 120 sẹ̀ǹtímítà ló fi ṣe é. Mo ní, “Bàbá, ṣé kò ti gùn jù fún ẹyẹ?” Ó ní bí irin bá ṣe gùn tó lọta ń lọ tó. Ẹ má gba ìyẹn gbọ́. Fún ọta wẹ́wẹ́, 75 sí 90 sẹ̀ǹtímítà ti tó. Èyí tó bá lé, ẹnu ìbọn ló ń mú wúwo. Bí àparò bá ta gìrì lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, kí ẹ tó yí ẹnu irin gígùn yẹn dé ibi tó wà, ó ti bá igbó lọ. Fún òkété tàbí ọ̀kẹ́rẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, kò burú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bébà. Ìka mẹ́rin ẹ̀tù ni bàbá ní kí n máa kì. Ìyẹn fi ọta méjì sára awó. Mo pè é lórí fóònù.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn yín ń fọ́n ọta ká.”

“Ìka mélòó lẹ kì?”

“Mẹ́rin, bí ẹ ṣe wí.”

“Ẹ sọ ọ́ di márùn-ún. Ẹ̀tù ò tó ni.”

Mo sọ ọ́ di márùn-ún. Èjìká mi ò gbàgbé rẹ̀ di ọjọ́ kẹta, bébà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni mo sì rí. Mo ká a, mo gbé òun àti ìbọn lọ sí ilé àrọ. Bàbá wò ó, ó ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn wo ló ń lu ihò roboto?

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń fi fáìlì fá irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ tí mo ti ń lọ síbẹ̀, dìde wá. Ó ki ìka bọ inú ihò náà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀tù yín pọ̀ ju ọta lọ. Páálí ló ń lé ọta bá lẹ́nu ìbọn, tó ń tì wọ́n ká.” Ó mú ife kékeré kan tó fi bàbà ṣe jáde lápò. Ife kan ẹ̀tù, ife kan náà ọta, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ pòṣé.

Mo gbé e lọ sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ta wúrà. Ife náà gba ẹ̀tù dúdú gíráàmù 4.5, ó sì gba ọta òjé nọ́ńbà 6 gíráàmù 28. Ìwọ̀n 12 nìyẹn o. Bí ẹnu ìbọn yín bá jẹ́ ìwọ̀n 20, tó fẹ̀ tó 15.6 mílímítà, ẹ̀tù gíráàmù 3.9 àti ọta gíráàmù 25 ló bá a mu. Ní ìṣísẹ̀ 25 kan náà, ọta 13 bá awó. Mo dín ẹ̀tù kù díẹ̀, ọta 16 bá a. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ní ìṣísẹ̀ 35, márùn-ún péré ló bà á, nítorí náà ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ nìyẹn, ẹ má fi ẹran ṣòfò.

Bí a ṣe ń kì í: ẹ̀tù, páálí bàtà méjì tó fún dáadáa, ọta, páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí. Ti orí yẹn gan-an ló ń pa èèyàn. Bí kò bá fún, tí ẹ sì dorí ìbọn kodò rìn, ọta á yọ́ lọ síwájú, àlàfo á wà láàárín òun àti ẹ̀tù, irin lè wú tàbí kó bẹ́. Ẹ má fi ìhá dípò páálí. Epo wà lára rẹ̀, ó máa ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iná, ẹ sì mọ bí koríko ṣe ń rí lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀tù inú kátíríìjì ńkọ́? Kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láéláé, á fọ́ irin mọ́ yín lójú. Ẹ má sì da ẹ̀tù látinú àdó tààrà sẹ́nu ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Inú ife ni kó kọ́kọ́ wà.

Inú tún bí mi nígbà tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ogún àkọ́kọ́. Kápù á pa, ìbọn á dákẹ́. (Ẹ má yí i padà sọ́dọ̀ ara yín o, ẹ kà dé 60 ná.) Èyí kì í ṣe ẹjọ́ bàbá. Epo tí mo fi pa inú rẹ̀ ló ṣàn lọ dí ihò iná. Kí n tó kì í báyìí, mo máa ń pa kápù méjì lófìfo, kí ẹnu ìbọn kọjú sí ewé kan nílẹ̀. Bí ewé bá mì, ọ̀nà là.

Ẹni tó bá ń lọ rà, kó fa òòlù dé àárín nígbà tí nǹkan ò sí nínú ìbọn, kó wá fi ìka fa ibi tí a ń fà nísàlẹ̀ kí ìbọn tó dún. Bí òòlù bá já, kó fi ìbọn náà sílẹ̀. Tèmi ò já rí. Ká má purọ́, ọwọ́ bàbá yẹn dára nídìí òòlù. Kó tún ti ọ̀pá dé ìdí, kó sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn mu, kó wá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lóde, kí àmì náà wà lọ́gangan ẹnu ìbọn: orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ dé ọ̀gangan ihò iná. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọta àti ẹ̀tù tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ gbàgbé.

Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó bá dún. Títí di òní, kò dípẹtà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mi ò tà á o, ẹ má bi mí.