Eré fújì tí mo lọ ní December: wọ́n ta àga mi fún ẹlòmíì, iná tún wá lọ

Mi ò kì í kọ nǹkan gígùn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá mọ̀ mí á jẹ́rìí mi. Àmọ́ ọjọ́ kejìlá rèé tí mo ti délé láti ibi eré yìí, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, inú ń bí mi, inú mi sì tún ń dùn, mi ò wá mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ olórin, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣètò eré. Olórin ò ṣẹ̀ mí rárá, tí mo bá wá dárúkọ wọn báyìí, àwọn tí kò ní ka ọ̀rọ̀ mi dé ìsàlẹ̀ á ní mo bú wọn. Ẹni tó bá wà ní gbọ̀ngàn yẹn ní Victoria Island lọ́jọ́ Sátidé yẹn ti mọ ibi tí mò ń bọ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì VIP méjì ni mo rà, ₦40,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Regular wà níbẹ̀ ní ₦15,000, àbúrò mi ní ká ra ìyẹn, èmi ni mo ní rárá, torí ìdúró ni wọ́n ń dúró ní Regular, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúnkún mi ò gba ìdúró mọ́. Àga ni mo lọ rà lọ́wọ́ wọn. Ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì náà gàdàgbà: ìlà C, àga 14 àti 15.

Wọ́n ní wọ́n á ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A dé níbẹ̀ ní mẹ́fà ààbọ̀. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó ṣí i. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí púpọ̀, a ti mọ eré alẹ́ l'Ékòó. Èyí tó dùn mí ni pé sẹ̀kúríìtì gba ìgò omi kékeré tí mo fẹ́ fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi, mo fi oògùn hàn án o, ó ní òfin ni, ó sọ omi náà sínú dúrọ́ọ̀mù kan tó ti kún fún omi àwọn ẹlòmíì. Nígbà tí a wọlé, irú ìgò yẹn gan-an ni wọ́n ń tà ní ₦2,000. Mo rà á. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ó wá di orí àga. A dé ìlà C, tọkọtaya kan ti jókòó síbẹ̀, ọkùnrin náà wọ agbádá funfun, ìyàwó rẹ̀ wé gèlè tó dáa gan-an. Mo kí wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, bóyá ẹ ṣèèṣì jókòó síbí ni. Ọkùnrin náà ò gbaná jẹ, ó kàn yọ fóònù, ó fi hàn mí. Ìlà C, àga 14 àti 15. Orúkọ tirẹ̀ lókè, nọ́ńbà mi nísàlẹ̀. Mo fi tèmi hàn án. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ń wo ara wa. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wa, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀mejì ni.

Mo pe ọ̀kan nínú àwọn tó wọ T-shirt dúdú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di wọkitọ́kì mú. Ó wo fóònù mi, ó wo ti ọkùnrin yẹn, ó ní, "Mummy, ẹ fún mi ní two minutes, mò ń bọ̀." Ó lọ. Nígbà tó pẹ́ mo tún rí i tó ń kọjá, mo pè é, ó ní, "Mò ń bọ̀, Mummy." Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo kà, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ọmọ yẹn wí fún mi pé òun ń bọ̀, ó sì ń gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú àwọn olówó tó ń mú lọ sídìí tábìlì. Mo wà lórí ìdúró fún wákàtí kan ó lé. Àbúrò mi ti ń gbóná, mo ní kó fara balẹ̀, ká lọ bá àwọn tó wà nídìí tábìlì "Help" lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kò gbójú sókè. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Mummy, system ló tà á, kì í ṣe àwa." Mo ní, "Ta ló ni system?" Kò dáhùn. Ó ń tẹ fóònù. Mo tún bi í. Ó wá ní kí n lọ dúró ní Regular, pé tó bá di Monday wọ́n á balance mi. Mo ní, ọmọ mi, mi ò wá síbí torí balance, àga ni mo fẹ́, orúnkún ń dùn mí. Ó ní kò sí àga. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń lé ẹni tó wá tọrọ owó.

Àbúrò mi ní ká máa lọ sílé. Mo ti gbé báàgì mi. Ọmọbìnrin mìíràn ló dá wa dúró, usher ni, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, torí aago mọ́kànlá àárọ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ní, "Mummy, ẹ má lọ, ẹ dúró ná." Mo rò pé irú "mò ń bọ̀" yẹn náà ni. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi gbé àga ike kan dé láti ọ̀dọ̀ àwọn alásè lẹ́yìn. Àga náà funfun tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà méjì sẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ti sán, wọ́n ti dá ihò sí i, wọ́n fi wáyà rán an bí ẹni rán aṣọ. Ó gbé e sí apá òsì pèpéle, lẹ́bàá ibi tí àwọn onílù ń gbà gòkè. Ó ní, "Ẹ jókòó síbí. Tẹ́nikẹ́ni bá bi yín, ẹ ní èmi ni." Àbúrò mi rí kéèsì mínírà kan tó ṣófo, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó. Mo fẹ́ fún ọmọ náà lówó, ó kọ̀, ó ní orúnkún ń dun ìyá òun náà.

Láti ibẹ̀, ẹ̀yìn olórin nìkan lèèyàn lè rí, sípíkà ńlá kan sì dí mi lójú ní apá ọ̀tún. Àmọ́ mo jókòó.

DJ lu tirẹ̀, MC sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ n fò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀sẹ̀ ìrántí ikú Síkírù Àyìndé Barrister, bàbá fújì, ni eré náà bọ́ sí, 16 December 2010 ni wọ́n kú, gbogbo ọmọ fújì ló mọ ọjọ́ yẹn. Bàbá mi, kí Ọlọ́hun foríjì wọ́n, kó kásẹ́ẹ̀tì Barrister kún àpótí méjì nílé wa ní Ìbàdàn. Mo rò pé MC á ní ká dìde fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Kò dárúkọ Barrister rárá. Orúkọ àwọn tó ra tábìlì ló ń kà ṣáá.

Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni olórin tó bọ́ sórí pèpéle. Ká sòótọ́, ohùn wọn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù ń pariwo ju gbogbo nǹkan lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ onígángan, mò ń rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, mi ò sì gbọ́ ohun tó ń lù. Mi ò bá kíbọ́ọ̀dù jà o, láti ìgbà Wasiu Ayinde ni etí wa ti mọ kíbọ́ọ̀dù àti saksofóònù nínú fújì, ó sì máa ń dùn. Àmọ́ tí kíbọ́ọ̀dù bá ti bo ìlù mọ́lẹ̀, kí ló kù tí à ń pè ní fújì?

Olórin náà tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn olówó iwájú, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ń ki èèyàn báyìí, á dìde, á lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, àwa tó kù náà á rí nǹkan wò. Òfin CBN ti 2007 ti ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ìgbà tí EFCC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ kóòtù, tí wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún Bobrisky ní 2024. Ní báyìí, ọmọ ẹgbẹ́ olórin kan ló ń gbé báàgì dúdú kiri ìdí tábìlì, olówó á ju èǹfúlọ́ọ̀pù sínú rẹ̀, ó parí. Òfin dáa. Àmọ́ ìdajì wákàtí báàgì dúdú, ní aago méjì òru, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú mi ti rí! Mo sọ fún àbúrò mi pé tí orin yìí bá parí, ká máa lọ.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ẹ̀ kú. Iná, máìkì, sípíkà, kíbọ́ọ̀dù, AC, pàà! Gẹnẹ́rétọ̀ ló dákú. Òkùnkùn biribiri, mi ò rí ọwọ́ ara mi. Ariwo sọ, àwọn kan ń bú àwọn tó ṣètò eré, àwọn kan ń pe orúkọ ara wọn kí wọ́n má bàa sọ nù.

Gángan ló dáhùn. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ sí mi, mo gbọ́ bí awọ ọṣán ṣe ń dún wíríwírí lábẹ́ apá rẹ̀ nígbà tó fún un, kí kọ̀ngọ́ tó kàn án. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan: Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀. Ó dákẹ́. Ó tún un lù. Ohùn ìlù náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kàn gbéra díẹ̀ níbi "mẹni", ó tún wọlẹ̀ lọ.

Àwọn ará ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn Regular, àwọn tó ti wà lórí ìdúró láti alẹ́. Wọ́n hó! Olúwa mi, wọ́n hó débi pé ilẹ̀ mì. Torí lóòótọ́ ni, ẹni tó san mílíọ̀nù fún tábìlì ò rí ohunkóhun ju ẹni tó san ₦15,000 lọ nígbà yẹn. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìlù, gbogbo ilé ń pa á pọ̀ pé òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, àkúbà wọ inú rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọ inú rẹ̀, sákárà tí mo ti rò pé wọ́n kàn gbé wá fún ọ̀ṣọ́ ni, áà, ó ń dún kó-kó-kó bí ẹni kan ilẹ̀kùn.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ìgbà yẹn la rí i pé olórin ti sọ máìkì sílẹ̀, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá sáàárín àwọn onílù wọn, lápá ọ̀dọ̀ wa. Ohùn lásán. Wéré ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, irú èyí tí àwọn ọmọ ajísààrì ń kọ kiri àdúgbò nínú Ramadan láti jí èèyàn sí sààrì. Èmi bá wọn láyé ní Ìbàdàn. A máa wà lórí ẹní, a máa gbọ́ wọn láti òkèèrè, ìlù á máa sún mọ́lé, bàbá mi á ti dìde kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà wa, kò sí iná, kò sí máìkì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ibẹ̀ ni fújì ti wá. Barrister náà kọ wéré láti kékeré kí wọ́n tó wọṣẹ́ ológun, kí wọ́n tó sọ ọ́ di fújì. Olórin wá dárúkọ wọn nínú òkùnkùn yẹn, Síkírù Àyìndé, wọ́n ṣàdúà fún wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe "Àmín" lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sunkún. Àbúrò mi náà sunkún, ó ní òógùn ni.

Ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ ni. Iná padà dé, sípíkà ké wíííí. Ẹ̀yin náà mọ bí àwa ṣe máa ń pariwo "Up NEPA!" tí iná bá dé. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ọmọ Nàìjíríà tó ń bẹ̀ pé kí wọ́n pa iná. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Wọn ò pa á. Kíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀. A ṣì jókòó títí di aago mẹ́rin ààbọ̀, àmọ́ mi ò rántí nǹkan kan lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Mo kọ̀wé sí wọn ní Monday lórí WhatsApp. Mo kọ̀wé ní Tuesday. Mo fi àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì mi ránṣẹ́, àti ti ọkùnrin alágbádá yẹn, òun ló fún mi láyè láti ya á. Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé, pé wọ́n mọrírì mi, pé wọ́n á yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì mi tí mo bá wá sí eré wọn tó ń bọ̀. Mo béèrè ₦80,000 mi. Wọn ò dáhùn mọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ju owó náà lọ ni pé láti ẹnu géètì títí di òní yìí, kò sẹ́ni tó ní "Mummy, ẹ má bínú" nínú wọn, àfi ọmọbìnrin tó gbé bàtà lọ́wọ́ yẹn, òun tí kò ta nǹkan kan fún mi.

Ẹ má ra VIP lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ ra Regular, kẹ́ ẹ sì wá bẹ́ ẹ ṣe máa sún mọ́ àwọn onílù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Àbúrò mi ní ọ̀kan ló yẹ kí n fún wọn, a ti jà lé e lórí láti àárọ̀. Mẹ́rin ni mo fún wọn. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ìlà C ni.