Mo sọ irin eléyín iwájú kẹ̀kẹ́ mi di ẹyọ kan: oṣù méje lórí òkè Ìbàdàn

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe Márúwà o. Kẹ̀kẹ́ eré ìje ni, oníhandù tó ká bí ìwo àgbò, tòkúnbọ̀ tí mo rà ní ₦140,000. Gíà Shimano Claris ló wà lára rẹ̀: mẹ́jọ lẹ́yìn, irin eléyín méjì níwájú níbi pẹ́dàlì, ńlá oníeyín 50 àti kékeré oníeyín 34. Gíà 16 nìyẹn lórí ìwé. Nínú 16 yẹn, bí mo bá lo méje, mo gbìyànjú.

Iwájú ni gbogbo wàhálà mi wà. Tí èèyàn bá kúrò ní Bẹẹrẹ tó fẹ́ gun Òkè Màpó, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ṣéènì bọ́ látorí 50 sórí 34. Tèmi á bọ́ lóòótọ́, àmọ́ á fo 34 kọjá, á lọ há sára férémù. Kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, Máíkírà ti ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Dírẹ́bà kan yọ orí síta lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ tà á, kí ẹ máa fi owó ẹ̀ wọkọ̀!" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ilé. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé ẹyọ kan ṣoṣo ló máa kù níwájú.

Oníeyín 40 ni mo rà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní narrow-wide. Tí ẹ bá wo ṣéènì dáadáa, ihò inú rẹ̀ kò dọ́gba: ọ̀kan fẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e há, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ yíká. Eyín irin yìí náà sì ń tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nípọn, ìkejì tín-ín-rín, kálukú bọ́ sí ihò tirẹ̀, ṣéènì kò sì ráyè jó kúrò. Ilé iṣẹ́ SRAM ló gbé e jáde fún kẹ̀kẹ́ orí òkè lọ́dún 2012. Lóde òní, àwọn ará Ṣáínà ń rọ tiwọn ní owó tí tálákà lè san. Ẹ ṣáà rí i pé eyín tó nípọn bọ́ sí ihò tó fẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé ṣéènì lé e. Tí ẹ bá gbé e lódì, yóò gun orí eyín, ẹ ó sì máa gbọ́ ariwo.

Ẹ wọn ihò bóòtù kí ẹ tó náwó. Iye eyín nìkan ni mo wò nígbà àkọ́kọ́, ni mo bá ra oníhò mẹ́rin tó jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ orí òkè. Owó yẹn wọlẹ̀ lọ. Ihò márùn-ún ni tèmi, irú tí wọ́n ń pè ní 110. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ wọn àárín ihò kan sí àárín èyí tó tẹ̀lé e. Tó bá tó nǹkan bíi mìlímítà 64.7, ó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Irin eléyín yẹn jẹ́ ₦19,500. Ṣùgbọ́n 40 pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì (àkójọ irin eléyín mẹ́jọ ẹ̀yìn) tí èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ ní eyín 28 kò ní gun Màpó láyé, ni mo bá ra kásẹ́ẹ̀tì 11 sí 32, ₦24,000. Ṣéènì àtijọ́ ti fà, tuntun jẹ́ ₦11,000. Ẹ fi bóòtù ₦2,500 kún un, ó di ₦57,000. Orí ni mo fi ṣe é tí derailleur ẹ̀yìn tèmi, ìyẹn apá tó ń sún ṣéènì láti irin kan bọ́ sórí òmíràn, fi jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó lè gba 32. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló ní èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, 28 ni òpin agbára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bóòtù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sángo.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ọmọ mi, kí ló bàjẹ́ lára ẹ̀?"

"Kò bàjẹ́, sà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi yọ irin kan kúrò níwájú ni."

Ó wò mí, ó wo kẹ̀kẹ́, ó tún wò mí. "Òyìnbó fi méjì sí i, ìwọ ní ọ̀kan tó. Ó dáa, gbé e wá."

Bóòtù tó ń mú irin méjì pọ̀ ni ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ku ẹyọ kan, bóòtù ti wọlé dópin, síbẹ̀ irin náà ṣì ń mì lọ́wọ́ wa. Bàbá gé agolo mílíìkì, ó fi ṣe wáṣà márùn-ún, ó fún un pa. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójọ́ kan tí mò ń lọ sí Moníyà, mo ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí mo máa wolẹ̀, bóòtù kan ti já bọ́, òmíràn sì ti fẹ́ tẹ̀lé e. Mo fi kẹ̀kẹ́ rìn dé Ọ̀jọ́ọ̀. N kò dá Bàbá lẹ́bi, èmi ni mo yẹ kí n ti ra bóòtù kúkurú pọ̀ mọ́ irin eléyín látìbẹ̀rẹ̀.

Derailleur iwájú kò kúrò. Mo rọ̀ ọ́ wálẹ̀ díẹ̀ torí 40 kéré sí 50, mo fi ègé wáyà kúkurú dè é lójú kan, ó di olùṣọ́ ṣéènì. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ṣéènì já bọ́, inú kòtò kan ní Ọ̀jọ́ọ̀ sì ni, níbi tí ọkọ̀ gan-an ti ń bẹ Ọlọ́run. Ọwọ́ gíà iwájú tó wà lósì kò ṣeé yọ, torí òun náà ni ọwọ́ bíréèkì. Wáyà gíà nìkan ni mo fà yọ. Ọwọ́ náà wá ń mì jàgàjàgà lórí ọ̀nà tí kò dáa, rọ́bà owó ni mo fi so ó.

Ní ti gígun òkè, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. 34 iwájú sórí 28 ẹ̀yìn máa ń gbé mi lọ bíi mítà 2.55 tí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan. 40 sórí 32 ń gbé mi lọ bíi 2.63. Mo ń gun Màpó láìsọ̀kalẹ̀, láìwo ìsàlẹ̀. Ní ti eré, tí mo bá ń yí ẹsẹ̀ nígbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 41 ní wákàtí ni òpin. Ti tẹ́lẹ̀ lè kọjá 51. N kò fìgbà kan sá tó 51 rí àfi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ sì rèé, bíréèkì ni mò ń wá.

Ibi tó dùn mí ni àárín. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun fo láti 15 sí 18. Ẹsẹ̀ 90 yẹn kan náà, 18 ń fún mi ní kìlómítà 25 ní wákàtí, 15 ń fún mi ní 30. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ 27 ni ìwọ̀n tí ara mi fẹ́ràn. Tí mo bá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jáde láàárọ̀ Sátidé, bóyá kí ẹsẹ̀ mi máa sáré ju tiwọn lọ, tàbí kí n máa tẹ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán. Ẹgbẹ́ Aqua Blue Sport ti Ireland gbé irú kẹ̀kẹ́ onírin kan bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ lọ́dún 2018, àwọn tó ń gùn ún sì ráhùn. Àwọn yẹn ń jẹun lórí ìṣẹ́jú àáyá, èmi kàn fẹ́ dé ilé.

Àwọn kan á ní kẹ̀kẹ́ yóò fúyẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn, kásẹ́ẹ̀tì ńlá ti gba púpọ̀ padà.

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Nígbà tí mo fa wáyà gíà iwájú yọ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ láti ìdajì dé òpin, dúdú bí èédú. Ó jọ pé wáyà tuntun pẹ̀lú skúrù tí a yí díẹ̀ ìbá ti wo àìsàn tí mo ná ₦57,000 lé lórí. Nítorí náà, tí ti yín náà bá ń já ṣéènì, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà. Tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ń gbé níbi tí òkè àti kòtò pọ̀ bíi tiwa, ẹ yọ ọ́. Ẹni tó ń gun títẹ́jú pẹ̀lú ẹgbẹ́ ní tirẹ̀, kó fi méjì rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ ta 50 àti 34 tí mo yọ. 34 ṣì wà nílẹ̀. Ìyàwó mi ti fọ 50 mọ́, orí rẹ̀ ló ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná lé lórí tábìlì, ó ní òun kò tà á.